Ìyàwó tó kúrò nílé, tí kò kúrò nínú ìgbéyàwó

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1836, ọkùnrin kan ní London gbé olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí kóòtù. Ẹ̀sùn tó fi kàn án ni pé ó ń bá ìyàwó òun lò pọ̀. Owó gbà-má-bìínú tó ń béèrè jẹ́ £10,000. Obìnrin tí wọ́n ń jà lé lórí yìí ò lẹ́tọ̀ọ́ láti la ẹnu rẹ̀ níbi ìgbẹ́jọ́ náà rárá.

Ẹ fara balẹ̀ o, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Kì í ṣe torí òfófó àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ni mo ṣe ń kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfófó náà dùn. Nǹkan kan ló wà nínú òfin Nàìjíríà títí di òní tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ pé ó wà: tọkọtaya lè pínyà níwájú adájọ́, kí wọ́n gba ìwé lé e lórí, síbẹ̀ kí wọ́n ṣì jẹ́ tọkọtaya. Kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Kì í sì í ṣe "mo ti kó jáde ní tèmi" tí a máa ń gbọ́ ládùúgbò. Judicial separation ni àwọn lọ́yà ń pè é. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní ìpínyà lábẹ́ òfin.

Ta ló tiẹ̀ ronú irú nǹkan báyìí, kí ènìyàn lọ kó má sì lọ?

Ṣọ́ọ̀ṣì ni. Láyé ọjọ́un ní Yúróòpù, kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbọ́ ẹjọ́ ìgbéyàwó, kì í ṣe kóòtù ọba. Ẹ̀kọ́ wọn sì ni pé ìgbéyàwó tó bá ti múlẹ̀, ikú nìkan ló lè tú u. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ tó ń lu ìyàwó rẹ̀ ní àlùbami ńkọ́? Wọn ò lè sọ fún obìnrin náà pé kó dúró kó kú síbẹ̀, wọn ò sì lè tú u sílẹ̀. Wọ́n wá rí àlàfo kan láàárín méjèèjì, wọ́n fún un lórúkọ Látìnì: a mensa et thoro. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "kúrò nídìí tábìlì oúnjẹ, kúrò lórí ibùsùn". Ẹ ò ní jẹun pọ̀ mọ́, ẹ ò ní sùn pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òrùka ṣì wà lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni nínú yín ò sì lè fẹ́ ẹlòmíràn títí ikú á fi mú ẹnì kejì lọ.

Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn orúkọ yẹn. Nílé tiwa náà, oúnjẹ àti ẹní ni wọ́n kọ́kọ́ ń pín nígbà tí ìjà bá dé. Ìyàwó tó bá ti yọ ọwọ́ nínú ọbẹ̀ ọkọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè bóyá àárín wọn gún.

Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lábẹ́ Póòpù, èèyàn á rò pé wọ́n á yí òfin yẹn padà. Rárá o. Kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn náà ò gbà kí ìgbéyàwó tú. Ẹni tó bá fẹ́ gba òmìnira pátápátá, tó fẹ́ tún ìyàwó fẹ́, ilé aṣòfin ló máa lọ, kí wọ́n ṣe òfin kan fún òun nìkan. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: òfin ilẹ̀, odidi, nítorí ìgbéyàwó ẹnì kan. Lord Roos ló là á sílẹ̀ lọ́dún 1670. Láti ìgbà náà títí di 1857, irú òfin bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe fi díẹ̀ lé ní 300, àwọn olówó àti ìjòyè ló sì ń rí i gbà. Àwọn obìnrin tó rí i gbà nínú gbogbo ọdún yẹn kò ju 4 lọ. Ẹni àkọ́kọ́, Jane Addison, lọ́dún 1801, rí i gbà torí pé ọkọ rẹ̀ bá ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin sùn. Àgbèrè lásán ò tó fún obìnrin láti rojọ́. Ó gbọ́dọ̀ burú débi tí àwọn aṣòfin fúnra wọn á fi la ẹnu sílẹ̀.

Àwọn yòókù, wọ́n ní kí wọ́n lọ pín tábìlì àti ibùsùn.

Ibí yìí ni obìnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ti wọlé. Orúkọ rẹ̀ ni Caroline Norton. Òǹkọ̀wé ni, ọmọ ọmọ Sheridan tó ń kọ eré orí ìtàgé ni. Ó fẹ́ George Norton lọ́dún 1827, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 19. George ń lù ú. Èyí tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé Caroline fúnra rẹ̀ ló bá ọkọ rẹ̀ wá iṣẹ́. Ó bẹ Lord Melbourne, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìjọba, wọ́n sì fi George jẹ adájọ́ kóòtù kékeré. Ọkùnrin tó ń lu ìyàwó nílé ló ń lọ dá ẹjọ́ ọmọ ẹlòmíràn lọ́sàn-án.

Lọ́dún 1836, George kó àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ mọ́ ìyá wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé Melbourne, tó ti di olórí ìjọba nígbà yẹn, lọ sí kóòtù. Àwọn júrì ò tiẹ̀ dìde lórí ìjókòó wọn kí wọ́n tó sọ pé irọ́ ni. (Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni Charles Dickens. Bẹ́ẹ̀ ni, Dickens tí wọ́n fi ìwé rẹ̀ dá wa lóró ní sẹ́kọ́ńdìrì.)

Ẹ máa rò pé Caroline jàre nìyẹn. Àjàre náà ló di wàhálà fún un. Níwọ̀n ìgbà tí kóòtù ti sọ pé kò ṣe àgbèrè, kò sí ohun tí George lè fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Òun náà ò sì lè kọ George. Ó kù kó lọ gba ìpínyà ní kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì lórí lílù tó ń lù ú, àbí? Ìyẹn náà ò ṣeé ṣe. Ó ti sá kúrò nílé rí lọ́dún 1835, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó padà. Lójú kóòtù, obìnrin tó bá ti padà ti dárí jì í, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ẹ ronú sí iye obìnrin tí ẹ mọ̀ tí ìyá àti bàbá ní kó padà sílé ọkọ, kó ní sùúrù, kó wo ojú ọmọ.

Ìlẹ̀kùn méjèèjì tì mọ́ ọn lára. Kò ní ọkọ, kò sì bọ́ lọ́wọ́ ọkọ.

Lójú òfin ìgbà yẹn, ọmọ tó bí sínú ìgbéyàwó, ti bàbá ni. Caroline ò lè rí wọn àyàfi bí George bá fẹ́. Ó fi gègé jà. Ìwé tó ń kọ wà lára ohun tó mú kí ilé aṣòfin ṣe òfin 1839, tó jẹ́ kí ìyá tó bá wà lọ́tọ̀ lè bẹ kóòtù kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7 wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kó sì lè máa rí àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. George gbọ́, ó ti kó àwọn ọmọ lọ sí Scotland, níbi tí òfin yẹn ò dé. Lọ́dún 1842, èyí àbíkẹ́yìn, William, ṣubú lórí ẹṣin. Kí ìyá rẹ̀ tó débẹ̀, ọmọ ti kú.

Ọ̀rọ̀ owó ló ṣẹ́ kù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí dáadáa. Lọ́dún 1848, àwọn méjèèjì kọ ìwé àdéhùn: kí kálukú máa gbé lọ́tọ̀, kí George máa fún un ní £500 lọ́dún. Wọ́n fọwọ́ sí i. Nígbà tó yá, ìyá Caroline kú, ó fi owó sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. George ní ó ti lówó lọ́wọ́ báyìí, ó dá owó tirẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù lọ́dún 1853, nítorí pé ẹni tí Caroline jẹ lówó pe ọkọ lẹ́jọ́. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ńkọ́? Bébà lásán ni. Ọkùnrin ò lè bá ìyàwó rẹ̀ ṣe àdéhùn, torí lójú òfin ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n. Ẹ mọ ẹni tí ẹnì kan ṣoṣo náà jẹ́. Kódà owó tí Caroline ń rí lórí ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ti George ni lójú òfin.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé "àwa méjèèjì ti jọ sọ ọ́, a ti yanjú ara wa, a ò nílò kóòtù", ẹ rántí ìwé 1848.

Caroline padà sídìí gègé. Lọ́dún 1855 ó kọ lẹ́tà gbọọrọ sí Ọbabìnrin Victoria, ó tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ayé lè kà á. Lọ́dún 1857, òfin ìgbéyàwó tuntun jáde. Ó gba ẹjọ́ ìgbéyàwó kúrò lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé e fún kóòtù ìjọba. Ìkọ̀sílẹ̀ wá di ohun tí adájọ́ lè ṣe, àmọ́ ojúsàájú ò tán: ọkùnrin lè kọ ìyàwó lórí àgbèrè nìkan, obìnrin gbọ́dọ̀ fi ẹ̀sùn mìíràn kún un, bí ìwà ìkà tàbí kí ọkọ ti sá lọ fún ọdún 2.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí "tábìlì àti ibùsùn". Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí ìpínyà lábẹ́ òfin, wọ́n sì fún un ní eyín. Yálà ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ẹ̀sùn kan náà ló máa fi béèrè rẹ̀: àgbèrè, ìwà ìkà, tàbí kí ẹnì kejì sá lọ fún ọdún 2. Obìnrin tó bá ti gbà á, ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ láti ọjọ́ náà lọ, tirẹ̀ ni. Ó lè ṣe àdéhùn lórúkọ ara rẹ̀, ó lè pe ènìyàn lẹ́jọ́, wọ́n sì lè pe òun náà. Ní ilẹ̀ tí ìyàwó ilé ò ti lè ní kọ́bọ̀, obìnrin tó pínyà wá lè ní ilé. Fún èmi, ibí yìí ni gbogbo ìtàn náà ti yí padà. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìpínyà kí ìdè má baà já. Ìjà obìnrin kan ló jẹ́ kó di ohun tí èèyàn lè fi dáàbò bo ara rẹ̀.

Caroline fúnra rẹ̀ ò jẹ nínú rẹ̀. Ìyàwó George ló ṣì jẹ́ títí George fi kú lọ́dún 1875. Ó tún ọkọ fẹ́ lọ́dún 1877, ó lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, òun náà kú.

Àwọn tálákà ò rí tiwọn gbà títí di 1878, nígbà tí Frances Power Cobbe kọ̀wé lórí bí àwọn ọkọ ṣe ń fìyà jẹ aya ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún yẹn, kóòtù kékeré àdúgbò gba àṣẹ láti pín ìyàwó níyà kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tí wọ́n ti dá lẹ́bi pé ó lù ú bá a ṣe ń lu ẹran. Kò sí pé ó ń lọ sí London, kò sí pé ó ń gba lọ́yà ńlá.

Báwo ni nǹkan yìí ṣe wá dé ọ̀dọ̀ wa? Ọ̀nà Èkó ló gbà. Lọ́dún 1884, ìjọba òyìnbó ṣe òfin ìgbéyàwó tí Èkó wà lábẹ́ rẹ̀: ọkọ kan, aya kan, ìwé ẹ̀rí. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó tó bá fẹ́ ara wọn báyìí, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló tẹ̀ lé wọn wọlé, tòun ti ìkọ̀sílẹ̀ àti ìpínyà rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àwọn baba wa ò mọ irú rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí lọ́dún 1897, tí kò jáde títí di 1921, sọ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín wa. Ó mú òwe kan tì í: a kì í ṣú opó alààyè. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé, kò sẹ́ni tó lè ṣú u lópó. Ṣùgbọ́n a ní dálémọṣú. Ọ̀rọ̀ náà wà torí pé àwọn ènìyàn náà wà: obìnrin tó ti kúrò nílé ọkọ, tó padà sílé bàbá rẹ̀, tó ń jẹ, tó ń tà, tó ń rà, tí ẹbí ọkọ ò sì tíì gba owó orí wọn padà. Níwọ̀n ìgbà tí owó orí ò bá tíì padà, ìyàwó oníyàwó ni. Ṣé ẹ rí i pé kò jìnnà sí tábìlì àti ibùsùn? Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwa, owó lè tú u.

Òyìnbó ló wá jẹ́ kí owó náà rọrùn láti san. Nígbà tí wọ́n dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn obìnrin ló kún ibẹ̀. Wọ́n á di owó orí mọ́ ìdí aṣọ, nígbà mìíràn ọkùnrin tuntun ló fún wọn, wọ́n á kà á síwájú adájọ́, ó parí. Àwọn ìjòyè ń pariwo pé kóòtù ti ba àwọn aya jẹ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá ka ẹ̀sùn yẹn. Àwọn tí wọ́n sọ pé kò sí ìkọ̀sílẹ̀ nínú àṣà wa, kí ló dé tí ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, tí èrò tú jáde báyẹn?

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí òfin tó wà nílẹ̀ báyìí. Lọ́dún 1970 ni ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó tiwa, Matrimonial Causes Act, òun náà la ṣì ń lò. Ìgbéyàwó rẹ́jísìrì, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba, ló wà fún. Ti ìbílẹ̀ àti ti Mùsùlùmí ní ọ̀nà tiwọn. Ilé ẹjọ́ gíga ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Àwọn ẹ̀sùn tí ènìyàn lè fi béèrè ìkọ̀sílẹ̀, bí àgbèrè, ìwà tí a kò lè retí kí ẹnikẹ́ni fara dà, tàbí kí ẹnì kejì pa ilé tì fún ọdún kan, náà ló lè fi béèrè ìpínyà. Ìgbéyàwó tí kò bá tíì pé ọdún 2, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ kóòtù kí ẹ tó lè béèrè ìkọ̀sílẹ̀, yàtọ̀ sí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan. Ìdènà yẹn ò sí fún ìpínyà. Ìyàwó oṣù mẹ́jọ tí ọkọ ń lù, ọ̀nà wà fún un.

Tí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí i, kò sí ẹni tó lè sọ pé o pa ilé rẹ tì. Kóòtù lè pàṣẹ owó ìtọ́jú, ó sì lè sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí àwọn ọmọ máa wà. Tí wọ́n bá ní kí ọkọ máa san owó tí kò san, tí ìyàwó wá ra ohun kòṣeémáàní láwìn, ọkọ ni ẹlẹ́rù máa lọ bá. (Caroline ì bá jó.) Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ṣì wà o. Tí ẹnì kan nínú yín bá lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní rẹ́jísìrì, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ló wà fún un nínú Criminal Code.

Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé: ṣé ẹ rí i, kí wọ́n fi òfin de ìkọ̀sílẹ̀ pátápátá, kí àwọn tí kò bá lè gbé pọ̀ kàn pínyà. Brazil ti dán an wò. Lábẹ́ òfin wọn ti 1916, desquite ni wọ́n ń pè é, ìpínyà láìsí ìtúká, kò sì sí ọ̀nà mìíràn títí di 1977. Ẹni tó bá ti pínyà, tó sì rí olólùfẹ́ tuntun, wọ́n á jọ máa gbé láìsí ìwé, àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí á máa jẹ́ orúkọ burúkú. Obìnrin desquitada, ojú dálémọṣú gan-an ni wọ́n fi ń wò ó. Sẹ́nétọ̀ Nelson Carneiro, ọmọ Bahia, fi ohun tó ju ogún ọdún jà kí òfin ìkọ̀sílẹ̀ tó wọlé. Torí náà, èmi ò gbà pé ìpínyà dáa jù ìkọ̀sílẹ̀ lọ. Ó dáa nígbà tí o bá fúnra rẹ yàn án: bóyá torí ìgbàgbọ́ rẹ (Kátólíìkì ṣì gbà kí tọkọtaya pínyà láìtú ìdè), bóyá torí pé ìrètí ò tíì tán, bóyá torí pé o kàn fẹ́ mí díẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo èyí ni àǹtí mi kan. Rẹ́jísìrì ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Ó kó jáde, kò gba ìwé kankan, ó dá ṣọ́ọ̀bù aṣọ sílẹ̀, ó ń tọ́ ọmọ méjì. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí kò gbúròó ọkọ. Ọkọ kú, ẹbí ọkọ bá ránṣẹ́ pé kí opó wá jókòó. Ọ̀pọ̀ nínú yín á rò pé ẹ̀gàn ni. Lójú òfin, òtítọ́ ni wọ́n sọ: opó ni. Òun gan-an ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ogún ọkùnrin náà, níwájú ẹni tó wá ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin yẹn, tó sì tọ́jú rẹ̀ nígbà àìsàn.

Ẹ wá yí i padà. Ká ní àǹtí mi ló kọ́kọ́ kú, láìkọ ìwé ìhágún. Ọkùnrin tí kò ra abẹ́rẹ́ kan sí ṣọ́ọ̀bù yẹn ló máa wá béèrè ẹ̀tọ́ ọkọ lára rẹ̀.

Òfin 1970 rò ó. Tí ìwé ìpínyà bá wà nílẹ̀, tí ẹnì kan sì kú láìkọ ìwé ìhágún, wọ́n máa pín dúkìá rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kejì ti kú ṣáájú rẹ̀. Ọkọ ò ní jogún ìyàwó, ìyàwó ò ní jogún ọkọ. Ó di ti àwọn ọmọ àti ẹbí.

Ẹ tún lè padà sọ́dọ̀ ara yín. Ẹ ò ní tún ìgbéyàwó ṣe, ẹ ò ní ra aṣọ ẹbí. Ẹ̀yin méjèèjì á kàn jọ padà lọ sí kóòtù, ẹ á ní kí adájọ́ fagi lé ìwé náà. Tí ẹ bá sì rí i pé kò lè dára mọ́, ìwé ìpínyà ò ní kí ẹ má béèrè ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, èmi kì í ṣe lọ́yà, nítorí náà ẹni tọ́rọ̀ kàn, kó mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó rẹ̀ dání, kó lọ bá ọ̀kan.